Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Swídìn

Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn n'Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí Gothia Cup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, ní Gothenburg lóṣù keje. Físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Swídìn ló ń já mi láyà. Wọ́n ní bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ Dubai ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó lè ṣe tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀, àbí àfi kó wálé?

Mo tún gbọ́ pé inú kíláàsì làwọn ọmọ ń sùn, pé kálukú ló ń gbé tìmùtìmù tirẹ̀ lọ. (Ọmọ tí kì í tẹ́ ibùsùn nílé!) Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ti lọ rí, ṣé a lè ra tìmùtìmù lọ́hùn-ún?