Ẹsẹ̀ mi ń dún gbì-gbì tí mo bá ń sáré, báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kìlómítà 5 sí 6 lẹ́ẹ̀kan. Èémí kì í dà mí láàmú. Ara gan-an ni ìṣòro mi. Tí mo bá ti kọjá kìlómítà 3, èjìká mi á ti gòkè dé ẹ̀bá etí, ọwọ́ mi á di ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni fẹ́ jà, ojúgun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi fóònù ya fídíò mi láti ẹ̀gbẹ́. Ojú tì mí! Ẹsẹ̀ mi á ti na gbọọrọ síwájú orúnkún kí gìgísẹ̀ tó kanlẹ̀, àfi bí ẹni ń tẹ bíréèkì. Mo ka ìṣísẹ̀ mi: 154 ní ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n ní kí n máa gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké tó yá, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ lábẹ́ ara. Mo fò lọ sí 180 lẹ́ẹ̀kan náà (ìwàǹwára tèmi náà nìyẹn), ni iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá le koko fún ọjọ́ 2. Ṣé kí n kọ́kọ́ dúró ní nǹkan bíi 162 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Àwọn kan tún ní kí n pa gìgísẹ̀ tì pátápátá, kí n máa fi iwájú ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kò dá mi lójú, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ló ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe rí, kí lẹ ṣe sí i? Èjìká yìí ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mú un rọ̀?