Akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí nípa ọṣẹ àti fáírọ́ọ̀sì Lassa, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa kò ti ṣàjèjì sí wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo da epo pupa sínú omi, ó léfòó. Mo po ọṣẹ mọ́ ọn, ó tú ká. Mo ní bí ọṣẹ ṣe ń ba fáírọ́ọ̀sì Lassa jẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, torí ọ̀rá ló fi bora, ara sẹ́ẹ̀lì wa ló sì ti jí i.

Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Sà, kí ló dé tí wọn ò ṣe oògùn tó máa tú ọ̀rá yẹn nínú ẹ̀jẹ̀?" Mo ní á tú sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ká. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo délé, mo kà nípa phosphatidylserine, ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá máa ń fi sí apá inú awọ rẹ̀, àmọ́ tó ń yọ síta lára ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì. Ní 2008, wọ́n fi oògùn kan tó ń jẹ́ bavituximab, tó ń dojú kọ ọ̀rá yìí, tọ́jú àwọn guinea pig tó ní fáírọ́ọ̀sì Pichinde, ìbátan Lassa. Àwọn kan yè é.

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé èyí? Mo ń ronú ẹ̀wù tí mo yí inú rẹ̀ síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù, ṣé ó bá a mu? Ẹ̀rù tún ń bà mí kí ẹnì kan má lọ mu omi ọṣẹ.