Ayò, ìjàkadì àti àfihàn ọdẹ ní ọjọ́ àṣà wa ní Kubwa: kí ni ká kọ́kọ́ mójú tó?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ládùúgbò wa ní Kubwa, ní Abuja, fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà kan ní oṣù kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ìdíje ayò fún ènìyàn 16, ìjàkadì, ìjálá àti àfihàn irinṣẹ́ ọdẹ, pẹ̀lú àtẹ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa náà fẹ́ gbé dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn, wá. Pápá ilé ìwé la ó lò, ilẹ̀ ibẹ̀ sì le bí àpáta. Kí ni ká rà, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Kí ló máa ń da irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ọ̀ta Aláyò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ènìyàn 16 á lo ọpọ́n 8 ní ìpele àkọ́kọ́. Ọpọ́n kan ń gba ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú 12, nítorí náà 384 lẹ nílò. Ẹ wá tó 420, torí ọmọ ayò máa ń yí wọnú koríko, àwọn ọmọdé a sì máa kó o sápò. Kí adájọ́ ka ọmọ ọpọ́n kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ta á. Ẹni tó bá jẹ 25 ló borí, 24 sí 24 ni ọ̀mì. Bí ọmọ ẹyọ kan bá ti dín, ìjà dé nìyẹn.

Òfin gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí bí wọ́n ṣe ń ta á níbì kan yàtọ̀ sí ibòmíì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn láàárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni à ń ta sí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú kan. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá sọ ojú kan níwájú ẹnìkejì di 2 tàbí 3, a jẹ ẹ́. Bí ojú tó ṣáájú rẹ̀ níhà ibẹ̀ náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, a jẹ òun náà, títí a ó fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Odù (ọmọ tó kóra jọ sójú kan) tó bá tó 12 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á yí ọpọ́n po, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ sí ojú tó ti gbéra. Bí iwájú ẹnìkejì bá ṣófo, ẹ gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa fún un lọ́mọ, bó bá ṣeé ṣe. Kí ẹ sì tètè pinnu lórí títa tó máa jẹ gbogbo ọmọ iwájú ẹnìkejì tán: tèmi ni pé kó ta á, ṣùgbọ́n kó má jẹ ẹyọ kan. Orí èyí ni mo ti ń rí ariwo jù.

Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ ibòòji, kí ẹnì kan kọjú sí àríwá, kí ẹnìkejì kọjú sí gúúsù, kí oòrùn má baà wọ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ má sì pa òǹwòran lẹ́nu mọ́ o! Ayò láìsí "mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ" kò dùn. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ̀ ni kí òǹwòran nàka sójú ọpọ́n, tàbí kó máa ka odù síta.

Olùkọ́ Pápá:
Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ló ṣubú nínú ìjàkadì, nítorí náà ọrùn àti èjìká ló ń jẹ ìyà ilẹ̀ líle. Agbo tó fẹ̀ tó mítà 8, tí iyanrìn rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, á gba kúbìkì mítà 15, bíi tọ́ọ̀nù 24. Ẹ má ra iyanrìn olókùúta. Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ wọn sẹ́ ẹ, torí ìṣó àti èérún ìgò. Nínú ọyẹ́, eruku rẹ̀ á bo agbo, ẹ wọ́n omi sí i lálẹ́ àti láàárọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: bó bá dì, tó tún tú bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, ó pé. Bí omi bá ń kán, ó ti pọ̀jù, á sì tún le padà. Kò sí òrùka, kò sí ẹ̀gbà ọrùn, ẹ gé èékánná, ẹ sì fi ìwọ̀n ara pín àwọn oníjàkadì.

Dambe lọ́tọ̀, agbo lọ́tọ̀, wákàtí lọ́tọ̀. Iyanrìn jíjìn á de àwọn oníjà dambe lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi okùn dì ni ọ̀kọ̀, èyí tó ṣí sílẹ̀ ni asà. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń jà, ẹni tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ti "pa". Kí adájọ́ wọn fọwọ́ pa okùn yẹn wò dáadáa, torí láyé àtijọ́ wọ́n a máa lẹ èérún ìgò mọ́ ọn. Kí nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ wà nítòsí kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́.

Agbẹ́gilére:
Ẹ̀yin tó ń gbé ọpọ́n bọ̀ láti ilé, ẹ ṣọ́ra. Igi tó wá láti ibi ọ̀rinrin á tètè gbẹ nínú ọyẹ́ Abuja, orí àti ìdí ọpọ́n ló sì ń gbẹ ṣáájú ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń là. Ẹ fi òrí pa á, ní orí àti ìdí jù, kẹ́ ẹ fi àpò wé e, kẹ́ ẹ sì tètè gbé e dé kó jókòó nínú yàrá fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Oòrùn ò gbọ́dọ̀ kàn án. Èyí tó bá ti là díẹ̀, ẹ po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ẹ fi dí i. Bẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ tuntun, kí ojú fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, kó jìn tó 4, kí odù ọmọ 20 má baà dà sílẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn ọdẹ ń bèèrè bóyá wọ́n lè yin ìbọn láti fi ṣí ètò.

Olùkọ́ Pápá:
Rárá o. Ṣakabùlà pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin ìbọn, ó ń gba ìwé àṣẹ, ìró kan ṣoṣo ní Abuja lónìí á sì tú gbogbo èrò ká. Kí ìbọn àti ẹ̀tù dúró sílé. Ọrun, ọfà tí wọ́n bo lẹ́nu, gbérí (ẹ̀wù ọdẹ), àpò àti pàǹpẹ́ tí wọ́n fi wáyà dì ti tó. Awọ ẹkùn àti ìpẹ́ akika kò gbọ́dọ̀ dé orí àtẹ rárá. Kẹ́ ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí oníjàálá, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ làwọn èèyàn wá gbọ́.