Oṣù mẹ́rin ni bọ̀dá mi ti kú, màmá wa ò tíì gbọ́

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ̀dá mi, àkọ́bí màmá wa, jáde láyé lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn lọ, ẹni ọdún 58. Ìbàdàn la sin wọ́n sí. Màmá wa wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti lé ní ọdún 80. Àwọn àbúrò bàbá wa ní a ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún wọn, pé òkú ọ̀fọ̀ ni, pé bí wọ́n bá gbọ́, òkú méjì la máa sin. La bá sọ fún màmá pé iṣẹ́ gbé bọ̀dá lọ sí Àbújá, pé fóònù wọn bọ́ sómi.

Ohùn àbúrò mi ọkùnrin jọ ti bọ̀dá. Nígbà tí ìbéèrè màmá pọ̀, wọ́n ní kó pè wọ́n, kó ní òun ni bọ̀dá. Mo wà níbẹ̀. Màmá dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já ni. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ní òun ti jẹun. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ," wọ́n sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bèèrè bọ̀dá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yẹtí góòlù tí wọn kì í bọ́ láti kékeré mi kò sí létí wọn mọ́. Èlùbọ́ tí wọ́n máa ń jọ̀ sọ́tọ̀ fún bọ̀dá wà nínú ike onídèérí. Mo ní kí n bá wọn gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní, "Fi í síbẹ̀."

Ó dá mi lójú pé wọ́n mọ̀. Àwa ń fi pamọ́ fún wọn, àwọn náà ń fi pamọ́ fún wa. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́, á há mi lọ́fun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Baba Rẹ̀mí
Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Má bínú sí àwọn àgbà yẹn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àṣà wa ni pé òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ọmọkùnrin mi kú ní 1994, mi ò tíì dé ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi! Àgbà mẹ́ta ló wá ní kùtùkùtù, wọn ò mu omi tí ìyàwó mi gbé fún wọn, mo ti mọ̀ kí wọ́n tó lanu. Mo sunkún, gbogbo àdúgbò bá mi sun ún. Ọmọ tí a bí tẹ̀ lé e là ń pè ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ká má rí sàréè yàtọ̀ sí ká má gbọ́. Má fi fóònù sọ ọ́ o, má sì dá nìkan lọ. Mú ẹni tí màmá ń bọ̀wọ̀ fún dání.

Ìyá Sùlíyà
Lọ́dọ̀ tiwa Mùsùlùmí, bàbá wa kú láàárọ̀, a ti sin wọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ibo la ti máa ráyè irọ́? Màmá mi ṣe takaba, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ilé tí ò mọ̀ pé opó ń bẹ níbẹ̀. Àǹtí, màmá yín ti bọ́ yẹtí. Wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, àwọn nìkan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọ bọ̀dá. Tí kékeré bá wà nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé bàbá wọn rìnrìn àjò tàbí pé ó ń sùn. Wọ́n ń kọ́ wa níbi iṣẹ́ níbí pé ká pe ikú ní ikú fún ọmọdé. Mo mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́, àmọ́ nígbà tó kàn mí nílé, mo sọ fún ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún pé bàbá àgbà sùn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n pa iná yàrá. Tí mo bá díjú pẹ́nrẹ́n, á ti máa fọwọ́ ṣí ìpéǹpéjú mi.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbíkẹ́yìn bọ̀dá mọ̀, ó wà níbi ìsìnkú.

Èmi, àbúrò màmá obìnrin àti ìyá ìjọ wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ àná, aago mẹ́fà. Màmá ti wẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni?"

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí pòórá. Mo ní, "Màámi, bọ̀dá ti kú." Mo dárúkọ ọjọ́ náà.

Wọ́n ní aṣọ wo la fi sin ín. Mo ní aṣọ òkè tí wọ́n wọ̀ nígbà ìgbéyàwó ọmọ wọn. "Ẹ̀tù yẹn àbí sányán?" Mo ní sányán ni.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo rà á fún un." Ìgbà náà ni ẹkún tó dé.