Ken nínú èdè Scots: «mọ̀» nìkan kò tó

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a kọ mọ̀ sí iwájú ken nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Scots, èdè kan tí wọ́n ń sọ ní Skọ́tlándì, tí a ń ṣe, kí a sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. N kò ta ko mọ̀, ṣùgbọ́n kò tó.

Kì í ṣe gbogbo Skọ́tlándì ni ó ń lo ken bákan náà. Ní Aberdeen àti agbègbè rẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan yóò ní I dinna ken («n kò mọ̀»); ní Fife àti Edinburgh, dinna, ìyísódì náà, di dinnae; ṣùgbọ́n ní Glasgow, know ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí ken fi ń jẹ́ kí wọ́n tètè dá ẹni tí ó ti ìlà-oòrùn wá mọ̀.

Ìparí gbólóhùn ni iṣẹ́ wà. Bí ará Fife bá ní It's cauld, ken, òtútù ni ó ń sọ pé ó mú, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kò sì retí ìdáhùn. Ó kàn ń fa olùgbọ́ mọ́ra ni, bí àwa náà ti ń fi ṣé ẹ rí i há àárín ọ̀rọ̀ láìsí ohun tí a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò. Ken yìí kò ní olùwà, kò gba ìyísódì, kì í sì í di kent, ìrísí ken fún ohun tó ti kọjá, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti àná. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló ń ṣe báyìí? Ẹ jẹ́ kí a pè é ní wúnrẹ̀n ìpàkíyèsí, kí ó sì ní àyè tirẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ kí a pè é ní ọ̀rọ̀ àfikún ń sọ ọ́ di ohun tí a lè gé dànù, bẹ́ẹ̀ olùgbọ́ yóò fura bí kò bá sí níbẹ̀.

Ìlò kan tún wà tí mọ̀ kò lè gbé. Lábẹ́ òfin Skọ́tlándì àtijọ́, opó a máa jẹ èrè ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Terce ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ yìí. Yíya ìpín náà sọ́tọ̀ fún un ni kenning, títí òfin ogún ti 1964 fi fagi lé e. Ìtumọ̀ níbẹ̀ sún mọ́ «fi ẹ̀tọ́ hàn».

Ó wá ku I kent his faither, tí wọ́n fi ń já ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gbajúmọ̀ kulẹ̀. «Mo mọ bàbá rẹ̀» kò ní oró tó. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí: «Ṣebí a mọ bàbá ẹ̀.»