Òjìji àti ibòji kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé kí a máa fi "òjìji" pe gbogbo ibi tó bá ti dúdú nínú àwòrán tí a fi èédú yà, mo kí yín, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí níṣẹ́ jẹ́ rí.

Yàrá ara mi ni mo yà: bẹ́ẹ̀dì, àga kan, fèrèsé lápá òsì, bàtà méjì tí mi ò ráyè kó kúrò nílẹ̀. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ. Ó dín ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Òjìji bẹ́ẹ̀dì yìí ti dúdú jù." Mo gbà. Mo mú ìrésà rírọ̀ tó ṣeé pò bí amọ̀, mo fi pa dúdú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, bẹ́ẹ̀dì ti gbéra, ó ń léfòó láàárín yàrá bí ewé lójú omi. Ọ̀rẹ́ mi figbe ta. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé ló ń wí, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀!

Èmi ò jẹ̀bi, òun náà ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ló jẹ̀bi.

Òjìji ni ohun tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri. Ó ní ìrísí, ó ń gùn, ó ń kúrú, ó lè sùn sílẹ̀, ó lè gun ògiri. Ibòji (àwọn kan a máa fà á gùn, ibòòji) ni ibi tí oòrùn ò dé: abẹ́ igi, ẹ̀yìn ilé. Àbá tèmi ni pé kí ibòji jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nǹkan tó kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, kí òjìji sì jẹ́ dúdú tí nǹkan náà jù sórí nǹkan mìíràn. Leonardo da Vinci náà pín in sí méjì bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fi Orin Dáfídì 91 bá mi jà, "abẹ́ òjìji Olódùmarè". Onísáàmù ń kọrin ni. Èmi ń ya bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́ ayàwòrán gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga. Níbi tó ti kan ilẹ̀, òjìji rẹ̀ dúdú kirikiri, etí rẹ̀ sì mú. Bó ṣe ń jìnnà sí ẹsẹ̀ náà ni etí ń rọ̀, tí dúdú ń ṣí. Ibòji ara ẹsẹ̀ àga kò rí bẹ́ẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá ilẹ̀ a máa ta padà sí i lára. Èédú tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n wá fún pọ̀, ni mo fi ń tẹ òjìji mọ́ bébà. Ti ibòji, èédú igi wílò tó fúyẹ́ ni, ìka á sì rà á kalẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún: bí àmì ohùn ò bá sí, ibòji á di ibojì, ta ló sì fẹ́ isà òkú nínú yàrá rẹ̀? Ẹ fi àmì sí i ni.

Ẹni tó kọ "ẹyinná" dípò èédú, ẹ jọ̀ọ́, ẹyinná ṣì ń jó, á ran bébà. Ní ti ibi tí ìlà àjà àti ìlà ilẹ̀ ti ń súnmọ́ra títí wọ́n fi pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, "ojú ìpàdé" tẹ́ mi lọ́rùn ju "ojú ìpòórá" lọ. Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ṣe yẹn, tó wo àwòrán mi tó sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ńkọ́? Ẹ má pè é ní "àríwísí". Bí o bá ti ní o ní àríwísí, mo ti ká apá aṣọ sókè nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yá "lámèyítọ́" lọ́wọ́ àwọn onílítíréṣọ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ilẹ̀ wọ inú ibòji yẹn. Mo gbìyànjú "ìmọ́lẹ̀ àdápadà", ó ń dún bí ẹrù tí oníbàárà kọ̀. "Àtapadà" ńkọ́?