Píkọ́ọ̀pù alábọ́dé ni mo fẹ́ rà, ẹ bá mi wo ibi tó dáa àti ibi tó kù sí

Oníṣẹ́ Omi:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe, páìpù, táńkì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, sìmẹ́ńtì, gbogbo ẹ̀ ni mò ń rọ́ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan, àga ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, ìdí ẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀, mo sì rí i pé ó ti tó kí n kúkú ra píkọ́ọ̀pù. Kì í ṣe àwọn gàgàrà yẹn o, àwọn alábọ́dé ni mò ń wò, bíi Hilux, Ranger, D-Max, L200, Navara, irú ìwọ̀n yẹn. Ibi tó ti le ni pé ọkọ̀ kan yìí náà lèmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mẹ́ta á jọ máa wọ̀, a ò ní lè ra méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó, kí ló wù yín nínú ẹ̀, kí ló ń sú yín? Ẹ má polówó ọkọ̀ yín fún mi o, ibi tó ń dun yín ni kẹ́ ẹ sọ.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ kú iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó mú orúkọ kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, orí ṣásí irin, ìyẹn egungun abẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n gbé e kà, ibi tẹ́ ẹ̀ ń jókòó sí dá wà lórí ẹ̀, àpótí ẹrù náà dá wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, tí àwọn tó lágbára nínú wọn sì lè fa ohun tó tó 3,500 kílò lẹ́yìn, torí ṣásí ló ń jẹ ìyà yẹn, kì í ṣe bọ́dì. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni sípíríǹgì ẹ̀, wọ́n ṣe é kó le torí ẹrù, tí ẹrù ò bá sí níbẹ̀ kò ní tẹ̀, bí kò bá sì tẹ̀ gbogbo kòtò títì ló máa dé ìdí yín. Ẹ ju àpò sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, ó parí, ọkọ̀ yẹn á farabalẹ̀ bíi pé kì í ṣe òun ló ń ta pọ́ún pọ́ún láàárọ̀. Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe o. Navara tó jáde ní 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀kùn mẹ́rin ẹ̀ ló lo sípíríǹgì tó wé bí èyí tó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Toyota Tacoma ti 2024 náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti kúrò lórí irin pẹlẹbẹ. Ó rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹrù tó wúwo lẹ ó máa gbé lójoojúmọ́, irin pẹlẹbẹ ni mo fara mọ́, kò ní wàhálà, kì í tètè kúrò níbi tí wọ́n dè é sí, ó sì rọrùn tún ṣe.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ti sọ ti ẹrù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ. Onílẹ̀kùn mẹ́rin lèmi ń wà. Ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ẹ̀ dúró ṣánṣán torí ògiri ilé ìjókòó ló fara tì, kò ṣeé dẹ̀ sẹ́yìn, ìrìn tó bá jìn báyìí àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn ọrùn. Ó ga, ọmọ kékeré ò lè gun un fúnra ẹ̀, ẹ ó máa gbé e ni, màmá àgbà tí orúnkún ń dùn náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò dẹ̀ ní búùtù! Èyí ni àwọn èèyàn ò kì í rò kí wọ́n tó rà á. Ohun tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà, àpò ìwé ọmọ, báàgì aṣọ, ìta gbangba ló wà, òjò ń pa á, ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tó o níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró. Ẹ máa ra ìdérí, èyí tó le tó sì ní àgádágodo, kì í ṣe tapólì nìkan. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ó gùn tó nǹkan bíi mítà 5.3, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i po ẹ nílò nǹkan bíi mítà 13, ibi tẹ́ ẹ̀ ń páákì ayọ́kẹ́lẹ́ yín sí báyìí ẹ lọ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ṣe pàtàkì gan-an, ọmọ kékeré tó bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ẹ ò lè rí i nínú dígí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ o. Ibi tí omi bá ti gba ojú ọ̀nà, tí àwọn tó kù ń ṣẹ́rí padà, èmi á rọra gba ibẹ̀ kọjá ni.

Káfíńtà:
Oníṣẹ́ Omi, báwo ni páìpù yín ṣe gùn tó? Torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Onílẹ̀kùn mẹ́rin, àpótí ẹrù ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Èyí tó ní àyè kékeré lẹ́yìn awakọ̀ tó bíi mítà 1.8, onílẹ̀kùn méjì gan-an tó bíi mítà 2.3. Gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé, inú àpótí ẹrù lẹ ti máa gé àyè wọn, kò sí ọ̀nà míì. Èmi tí mò ń gbé pákó pẹlẹbẹ oní mítà 1.22 sí 2.44, kì í lè sùn sílẹ̀ láàárín ibi tí táyà ti wú wọnú àpótí, torí ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.1, ẹ ó ní láti fi igi gbé e sókè. Honda Ridgeline nìkan ni mo mọ̀ nínú ìwọ̀n yìí tí ibẹ̀ ti fẹ̀ tó mítà 1.27 láti ọjọ́ pípẹ́, ó tún ní búùtù tó ń tì pa lábẹ́ àpótí ẹrù, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ṣásí bíi tàwọn yòókù, bọ́dì ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ó ń rìn bí ayọ́kẹ́lẹ́, àmọ́ nǹkan bíi 2,270 kílò lohun tó lè fà mọ.

Oníṣẹ́ Omi:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mítà mẹ́fà ni páìpù mi, kò sí èyí tó máa gbà á nínú wọn nìyẹn, àfi kí n ṣe irin sórí ẹ̀. Àǹtí, ọ̀rọ̀ búùtù yẹn, mi ò rò ó rárá o, ẹ ṣeun. Bàbá, tọ́ọ̀nù kan tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé ẹrù nìkan ni àbí èèyàn wà níbẹ̀?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Èèyàn wà níbẹ̀ o! Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà nìyẹn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbé lé ọkọ̀ ló wà nínú iye yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ẹ ní tọ́ọ̀nù kan, àgbàlagbà márùn-ún jókòó síbẹ̀, 400 kílò ti lọ nìyẹn, ìdérí, irin orí ẹ̀, irin iwájú, ẹ yọ 100 míì, ó ku 500. Tẹ́ ẹ bá wá so nǹkan mọ́ ẹ̀yìn, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹ̀ ló máa ń tẹ ibi ìsokọ́, tó bá jẹ́ 3,500 lẹ̀ ń fà, 350 kílò tún ti jáde látinú 500 yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé ó ń gbé tọ́ọ̀nù kan, pé ó ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, tó jẹ́ pé ẹ ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ omi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì oní 1,000 lítà tó bá kún, omi inú ẹ̀ nìkan ti tán an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà á ò tíì sí níbẹ̀, omi yẹn á sì tún máa dà síwá dà sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ bírékì. Òfìfo ni kẹ́ ẹ máa gbé táńkì. Ẹrù tó bá wúwo, ẹ tì í síwájú mọ́ ẹ̀yìn ilé ìjókòó, torí apá tó pọ̀ nínú àpótí onílẹ̀kùn mẹ́rin ti kọjá táyà ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ síbi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jínjìn:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwakọ̀ kún un torí ó ń ká mi lára. Tó bá ṣófo, ẹ̀yìn ẹ̀ fúyẹ́, tójò bá rọ̀ tẹ́ ẹ sì tẹ iná nígbà tẹ́ ẹ̀ ń yà, ìdí ẹ̀ á fẹ́ sá kúrò nílẹ̀. Ó ga, kì í ṣe ọkọ̀ téèyàn ń yà lójijì. Ní 2016, ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Teknikens Värld, fi Hilux ṣe àyẹ̀wò bí ọkọ̀ ṣe ń yà fún nǹkan lójijì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ẹ má ra èyí tí kò ní ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ dúró nígbà tó bá fẹ́ yọ̀, ESC ni wọ́n ń pè é, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó. Ọ̀rọ̀ 4x4 náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, táyà ẹ̀yìn méjì ló ń wa ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ má lò ó lórí títì ọlọ́dà tó gbẹ o, torí táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í yí bákan náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà kọ́nà, ó máa ń lọ́ irin abẹ́ ẹ̀ pọ̀ ni. Inú ẹrẹ̀, iyanrìn, òkúta wẹẹrẹ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀ wà.

Àgbẹ̀ Olóko:
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti epo. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù, dísẹ̀lì ni. Hilux oní lítà 2.8 dísẹ̀lì láti 2020, ti onígíà ọtọ́máàtíìkì ẹ̀ ń fún yín ní 500 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí, oní 2.7 pẹtiróòlù ò kọjá 245, ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ bá gun òkè pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́yìn, pẹtiróòlù á máa han, dísẹ̀lì á kàn máa lọ ni. Ṣùgbọ́n dísẹ̀lì tuntun ní asẹ́ kan nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ń gba èéfín dúdú, ó ní láti gbóná tó nǹkan bíi 600 digirí kó tó lè jó o dànù, ìrìn jínjìn ló ń gbé e débẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwé ọmọ, ọjà, ilé, ibi kúkúrú kúkúrú nìkan lẹ̀ ń lọ, á dí, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú yín, àtúnṣe ẹ̀ ò rọrùn. Ẹni tí ìrìn ẹ̀ bá kúrú kó ra pẹtiróòlù kó sì gba pé á jẹ epo.

Ọmọ Ẹ̀rọ:
Ẹ má bínú o ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí kò ra jíìpù kó so ọkọ̀ ẹrù kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn lọ́jọ́ tó bá níṣẹ́? Àwọn ọmọ á jókòó dáadáa, búùtù á wà, ẹ̀yìn ò ní máa fò.

Oníṣẹ́ Omi:
Àbúrò, mo ti rò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbé ẹrù, ohun tí mi ò bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, ibi tí mo sì ń lọ, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni, kò sí ọ̀nà gidi níbẹ̀, ó máa ń há, ẹrẹ̀ ni, nǹkan tí mo bá so mọ́ ẹ̀yìn mi ò ní lè fi ṣẹ́yìn jáde.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Píkọ́ọ̀pù ló tọ́ sí yín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí yín lérò padà. Onílẹ̀kùn mẹ́rin, dísẹ̀lì, 4x4. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo inú, ẹ fi òòlù kékeré lu ṣásí gbọ̀ngbọ̀n gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá lẹ́yìn níbi tí sípíríǹgì ti mú un, tó bá ń dún bòòbòò ẹ kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi bò. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ó dúró gbọọrọ, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ irin pẹlẹbẹ kan ti kán nìyẹn. Ẹ bèèrè bóyá bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá jẹ́ bẹ́líìtì, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Oníṣẹ́ Omi:
Ọlọ́run á máa tọ́jú yín bàbá. Onílẹ̀kùn mẹ́rin náà ni màá rà, màá ṣe irin páìpù sórí ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, màá sì ra ìdérí alágádágodo. Dísẹ̀lì náà ni, torí iṣẹ́ mi kì í sábà sún mọ́lé.

Ìyá Ìbejì:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wà á wò, ẹ mú ìyàwó yín àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ sì gba ọ̀nà tí kò dáa, bó ṣe ṣófo bẹ́ẹ̀. Páìpù yẹn náà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ẹ̀ níbi tó bá ti yọ síta.